Ìtàn Bí A Ti Ń Wá Ibi Tí Íntánẹ́ẹ̀tì Àjọlò Ti Bàjẹ́

Ní ilé kan tí mo gbé rí nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwa mẹ́fà ni a dáwó jọ ra ẹ̀rọ ráútà kan, tí a sì jọ ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní oṣooṣù. Nígbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé, a kì í rántí pé ohun kan dà wá pọ̀, àfi ní ọjọ́ tí owó bá pé. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ìgbín. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi nàka sí àbúrò wa tí ó fẹ́ràn láti máa wo bọ́ọ̀lù, ó ní òun ni ó ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti ń gbèrò àti dá owó ọmọ náà padà fún un, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú àjọ wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ti àwa, a kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó dájọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó mú mi kọ ìtàn kékeré yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé gbogbo ọ̀nà tí a fi ń mọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ti bàjẹ́ ni ó ní ìṣòro tí ó bí i, àwọn ènìyàn kan ni ó sì kọ́kọ́ bá ìṣòro náà jà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn wọn yóò mọ ibi tí òun yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, yóò sì mọ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọnìkejì rẹ̀ ni yóò máa bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, ní Yunifásítì Kalifóníà tí ó wà ní Los Angeles, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Leonard Kleinrock ti jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charley Kline jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ilé ìwádìí Stanford, tí ó jìn sí wọn ju 300 máìlì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bill Duvall ni ó ń retí rẹ̀ ní òdì kejì. Ọ̀rọ̀ tí Kline fẹ́ tẹ̀ kò ju "login" lọ, èyí tí a fi ń tọrọ àyè láti wọlé. Àwọn méjèèjì gbé tẹlifóònù sétí. Kline tẹ L, ó bèèrè bí ó bá dé. Duvall ní ó dé. Ó tẹ O, èyí náà dé. Bí ó ti tẹ G, kọ̀ǹpútà Stanford dákú. Ó tó bíi wákàtí kan kí wọ́n tó tún un ṣe, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé ní pípé.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí wọ́n bí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà gan-an ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ sì tún kíyè sí ohun tí àwọn méjì náà ṣe. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀, wọn kò dúró di ìgbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà bá parí. Nítorí náà ni wọ́n fi mọ ibi tí ó ti já. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn, gbogbo èyí tí ó kù sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1981, wọ́n kọ ìlànà àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò di òní sílẹ̀. Iye àdírẹ́sì tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 4,294,967,296. Ní ayé ìgbà náà, tí ó jẹ́ pé àwọn yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó ní kọ̀ǹpútà, ta ni ìbá rò pé iye yìí lè tán? Ṣùgbọ́n kí ọdún mẹ́wàá tó lé díẹ̀, ojú ti rí i pé kò ní kárí. Ní ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis gbé ọgbọ́n kan jáde nípa èyí tí ẹ̀rọ púpọ̀ yóò fi máa lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo ní gbangba.

Ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí ọgbọ́n agbo-ilé ni. Agbo-ilé ńlá kan lè ní ogún yàrá, kí ó má sì ní ju ẹnu-ọ̀nà kan lọ. Bí ọmọ ilé kan bá ránṣẹ́ síta, onílẹ̀kùn yóò fi orúkọ agbo-ilé jẹ́ iṣẹ́ náà, yóò sì fi sọ́kàn pé yàrá báyìí ni ó rán an. Nígbà tí èsì bá dé, yóò gbé e fún ẹni tí ó ni ín. Nínú ilé, Ìyá Ìbejì kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì wà ní agbo-ilé kejì pẹ̀lú, ẹni tí ó bá ti òkèèrè wá kò lè fi orúkọ yẹn nìkan rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168 rí, àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1994 fún ìlò inú ilé nìkan.

Ní ọdún 1999, ilé iṣẹ́ Microsoft fi ọgbọ́n náà sínú Windows 98, ẹ̀dà rẹ̀ kejì, ó sì di ohun tí olúkúlùkù lè lò nínú ilé. Kọ̀ǹpútà kan yóò so mọ́ wáyà tẹlifóònù, yóò gba àdírẹ́sì 192.168.0.1, yóò sì máa pín nọ́ńbà fún àwọn yòókù. Bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà yẹn bá pa á lọ sùn, gbogbo ilé ti wọ òkùnkùn nìyẹn. Lónìí, ráútà ni ó gba iṣẹ́ onílẹ̀kùn náà ṣe. Bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò bá rí onílẹ̀kùn tí yóò fún wọn ní nọ́ńbà, wọn a fún ara wọn ní èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà yìí lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó má pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì bá ará ilé jà. Wáyà rẹ̀, Wi-Fi rẹ̀, tàbí ráútà fúnra rẹ̀ ni kí ó lọ wò.

Bí nọ́ńbà bá wà ńkọ́, tí ọ̀rọ̀ kò sì lọ? Ní oṣù kejìlá ọdún 1983, Ọ̀gbẹ́ni Michael Muuss, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, rí i pé ìsokọ́ra ibẹ̀ ń ṣe ségesège. Ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó kọ ètò kékeré kan tí ó pè ní ping. Ó mú orúkọ náà láti inú ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi ń rán jáde, tí ó ń lọ kọlu nǹkan, tí ó sì ń padà wá bí ohùn tí òkè bá dá padà. Iṣẹ́ ping kò ju kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó ké pé "Àgò onílé o!" kí ó sì ka àkókò títí tí ẹni inú ilé yóò fi dáhùn pé "Àgò yà!" Muuss fúnra rẹ̀ ròyìn ọkùnrin kan tí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa fi ohùn pe "ping" ní gbogbo ìgbà tí ìdáhùn bá dé, tí ó sì ń káàkiri ilé, tí ó ń mi ìsopọ̀ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ohùn náà fi fi èyí tí ó bàjẹ́ hàn án.

Ráútà ni kí a kọ́kọ́ ké àgò sí. Bí kò bá dáhùn, inú ilé ni àrùn wà. Bí ó bá dáhùn, kí a ké sí nọ́ńbà ẹ̀rọ kan tí ó wà lóde. Bí nọ́ńbà dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ kò dáhùn, ọ̀nà dára, ẹni tí ń fi ilé hanni ni kò sí. Ìtàn ti èyí náà wà. Nígbà kan rí, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà sí, ilé ìwádìí Stanford ni ó sì wà, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Elizabeth Feinler jẹ́ olórí wọn. Nígbà tí orúkọ pọ̀ jù fún ìwé kan, Paul Mockapetris ṣe ètò tuntun ní ọdún 1983, tí a fi pín ìtọ́jú orúkọ káàkiri. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti lè dára kí orúkọ sì sọnù.

Bí ráútà bá dáhùn tí òde kò dáhùn, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀nà ti já. Van Jacobson ni ó ṣe ètò tí a ń pè ní traceroute fún èyí ní ọdún 1987. Ẹ rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Ká ní a fún ìránṣẹ́ kan ní ẹyọ owó kan ṣoṣo: bodè kìíní ni owó rẹ̀ yóò tán sí, oníbodè ibẹ̀ yóò sì ránṣẹ́ padà pé ìránṣẹ́ yín kò lè kọjá ọ̀dọ̀ òun. Bí a bá fún ẹnì kejì ní ẹyọ méjì, bodè kejì ni yóò ti ránṣẹ́ padà. Bí a bá ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un, a ó mọ gbogbo oníbodè tí ó wà lójú ọ̀nà, a ó sì mọ èyí tí ó dáhùn kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ òkun, SAT-3, WACS, ACE àti MainOne, bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, ìyà rẹ̀ sì jẹ Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò sí iye ìgbà tí ènìyàn lè pa ráútà rẹ̀ kí ó tún tàn án lọ́jọ́ náà tí ìyẹn yóò fi tún òkun ṣe.

Èyí tí ó kù ni ìfàlẹ̀, òun ni ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, tí wọn kò jìn sí ara wọn ju nǹkan bíi 400 yáàdì lọ, ohun tí ń kọjá lójú ọ̀nà já wálẹ̀ láti 32,000 sí 40 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáyà kò já, èrò ni ó pọ̀ jù. Jacobson yìí kan náà àti Michael Karels kọ́ àwọn kọ̀ǹpútà láti máa rọra: bí ìdì ọ̀rọ̀ bá sọnù lọ́nà, kí ẹni tí ó rán an mọ̀ pé ọ̀nà ti kún, kí ó dẹwọ́.

Ní ọdún 2010, Jim Gettys, tí ó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ń wá ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé tirẹ̀ fi ń falẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò yé ṣàròyé. Ó rí i pé nígbà tí òun bá ń fi ẹrù ńlá ránṣẹ́ síta, ìdáhùn ping a máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti fi àyè ìdúró tí ó tóbi jù sí ẹnu-ọ̀nà, kí ohunkóhun má baà sọnù. Nítorí pé ohunkóhun kò sọnù, ẹni tí ń ránṣẹ́ kò mọ̀ pé ọ̀nà ti kún, kò sì dẹwọ́. Ọmọ tí a rán pé kó lọ ra iyọ̀ wá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún fún iṣu. Ní ọdún 2012, Jacobson àti Kathleen Nichols gbé ìlànà kan jáde tí ń mú kí onílẹ̀kùn máa ju díẹ̀ nù nínú ohun tí ó bá dúró pẹ́ jù.

Èyí mú mi padà sí ilé wa. Ọ̀kan nínú wa tí ó mọ̀ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí bẹ̀ wá pé kí a fún òun ní àyè wákàtí kan. Ó ké àgò sí ráútà, ráútà dáhùn kíákíá. Ó ké sí òde, ìdáhùn dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ó wá ní kí a máa pa fóònù wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A pa ti ọmọ tí a fẹ̀sùn kàn, kò sí ìyàtọ̀. A pa ti ẹlòmíràn, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí ó kan fóònù ẹ̀gbọ́n tí ó ti ń pariwo jù, ọ̀nà là. Àwòrán ìgbéyàwó kan tí ó lọ ni fóònù rẹ̀ ń kó ránṣẹ́ síta láti ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ó pe àbúrò náà, ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo wa.

Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà. Kline àti Duvall ti fi ọ̀nà hàn wá láti ọdún 1969: kí a bèèrè lẹ́tà kan, kí a gbọ́ èsì, kí a tó bèèrè èkejì.