Àpérò ISCB-Africa ASBCB

Àpérò ISCB-Africa ASBCB jẹ́ ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ àgbáyé ISCB àti ASBCB, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, ni wọ́n jọ ń ṣe é. ISMB, àpérò ọdọọdún ti ISCB, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. Ti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Bamako, Málì, ní ọdún 2009, lórí àwọn àrùn tí ń ràn àti kòkòrò tí ń gbé wọn kiri. Lára àwọn ìlú tí ó ti gbà á lálejò ni Cape Town (2011), Dar es Salaam (2015), Entebbe (2017) àti Kumasi (2019). Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ń jíròrò ibà ní ilẹ̀ tí ó ti ń pa ènìyàn jù lọ.