Fòníkú-Fọ̀ladìde: Ìtàn Àbíkú àti Ẹ̀jẹ̀ Àjogúnbá ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Bí a bá rìn ká ìlú méjèèje Ìbàràpá, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láǹlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán àti Ìdèrè, a kò ní pẹ́ kí a tó pàdé ẹni tí ń jẹ́ Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé tàbí Igbókọ̀yí. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn kan nínú orúkọ wọ̀nyí. Èébú ni àwọn mìíràn. Kòsọ́kọ́ wí pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ sàréè kò sí nílé mọ́. Igbókọ̀yí wí pé igbó tí a ń gbé òkú ọmọ lọ kò gba èyí. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti fi orúkọ kọ ìtàn ikú ọmọdé sílẹ̀ báyìí, ìtàn náà sì ni a fẹ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú yín.

Ohun tí àwọn àgbà rí nìyí. Ìyàwó bí ọmọ, ọmọ náà dára ní wíwò. Fún oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún, kò sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí ó tó bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń sunkún ní òru, ẹyinjú rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Bí ọyẹ́ bá dé, eegun a máa ro ó. Lónìí a rò pé ó ti kú, lọ́la a rí i tí ó ń ṣeré ní àgbàlá. Nítorí èyí ni a ṣe ń pe àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ìgbẹ̀yìn ó kú, a bí òmíràn, òmíràn náà sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wí pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n gé e létí, wọ́n sàmì sí òkú rẹ̀ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣàkíyèsí dáadáa pé ilé kan náà ni àrùn náà ń yà sí, àti pé ìrísí kan náà ni ó ń mú wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣì. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru kó ọmọ lọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Esther Nzewi tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1001 lé 1000, èyíinì ni 2001, lórí àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ní ilẹ̀ Ìgbò ń pè ní ogbanje, ó ju ìdajì wọn lọ tí a bá àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Orí ta ni ẹ̀bi náà ń dà lé? Orí ìyá ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ní ilé olórogún, ìyáálé bí mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàyè. Ìyàwó kejì bí mẹ́rin, ó sin méjì. Baba kan náà ni gbogbo wọn ní, nítorí náà ojú gbogbo ènìyàn yí sí ìyàwó kejì. Bí a bá lé e lọ, tí ó fẹ́ ọkọ mìíràn, tí àwọn ọmọ tí ó bí níbẹ̀ sì yè, a ó ní orí ọkọ tuntun ni ó dára. Obìnrin náà kò rí ìdáláre níhìn-ín, kò rí i lọ́hùn-ún.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé àrùn ìdílé wà. Kí alárinà tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, a ti máa wádìí: Ǹjẹ́ wèrè wà ní ìdílé wọn? Ǹjẹ́ wárápá wà? Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ wà? (A ti mọ̀ báyìí pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ohun àjogúnbá, ẹni ẹlẹ́ni ni a fi ọ̀rọ̀ náà yà sọ́tọ̀ lásán.) Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde bọ́ lọ́wọ́ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, nítorí ara baba àti ìyá ọmọ náà a máa dá ṣáká.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ ilé ìwòsàn. Ernest Irons, dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì rí àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ bí dòjé dípò kí wọ́n rí roboto. James Herrick, ọ̀gá rẹ̀, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1910. Noel padà sí ilé, ó sì kú ní 1916. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí ó ti ń pa ọmọ ní Ilẹ̀ Adúláwọ̀ láti ìgbà láéláé ṣe gba orúkọ nínú ìwé oníṣègùn ní ìlú tí òjò dídì ti ń rọ̀.

Ọdún 1949 ni ilẹ̀ mọ́ sí i. James Neel ní Amẹ́ríkà, àti E. A. Beet ní ilẹ̀ tí ó di Zambia lẹ́yìn náà, fi hàn pé ọmọ kò lè ní àrùn náà àyàfi bí ó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì. Ní ọdún kan náà, Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Vernon Ingram wá rí ní 1956 bí ìyàtọ̀ náà ti kéré tó. Ó dà bí ẹ̀wọ̀n olórùka 146, tí ó jẹ́ pé òrùka kan ṣoṣo, ìkẹfà, ni ó ṣì jẹ́.

Ẹ fi ojú inú wo owó ẹyọ. Olúkúlùkù wa ní ẹyọ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí méjèèjì rẹ̀ dára ni AA. Ẹni tí ọ̀kan dára tí ọ̀kan kò dára ni AS, ara rẹ̀ sì le. Ẹni tí méjèèjì kò dára ni SS, òun ni aláìsàn. (Ẹyọ mìíràn wà tí a ń pè ní C, bí S àti C bá pàdé, àrùn ni pẹ̀lú.) Bí AS bá fẹ́ AS, nígbàkúùgbà tí ìyá bá lóyún, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Nígbàkúùgbà ni a wí. Ẹyọ kì í rántí bí òun ti ṣubú lánàá, nítorí náà kò tọ̀nà kí tọkọtaya wí pé àwọn ti bí aláìsàn kan, mẹ́ta tí ó kù yóò yè. Ẹ padà wàyí sí ilé olórogún. AS ni baba, AA ni ìyáálé, AS ni ìyàwó kejì. Ọmọ ìyáálé kan kò lè jẹ́ SS láé. Ìdajì ohun tí ó pa ọmọ ìyàwó kejì, ọwọ́ baba ni ó ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè.

Àrùn mìíràn wà tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan wá. Nínú iṣan ara wa ni àwọn ohun tíntìntín wà tí ń dá agbára sílẹ̀ bí ààrò, wọ́n sì ní àbùdá tiwọn tí ìyá nìkan ń fi fún ọmọ. Iyèkan ni ó ń pín in, kì í ṣe ọbàkan. Ní 1988 ni Holt, Harding àti Morgan-Hughes ní London fi hàn pé àbùkù nínú àbùdá náà a máa sọ iṣan di aláìlágbára. Àní nínú irú àrùn iṣan yìí, èyí tí ń mú ọmọdé, púpọ̀ ni ó tún ń ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Ìyá tí ó sì fi fún ọmọ kò yàn án, gẹ́gẹ́ bí kò ti yan àwọ̀ ara rẹ̀.

Èéṣe tí ẹyọ burúkú náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí bí ìdámẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà fi jẹ́ AS? Anthony Allison dáhùn ní 1954 láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ibà ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS pa. Ohun tí ó dáàbò bo ẹ̀gbọ́n ni ó pa àbúrò. Bí 150,000 ọmọ ni a sì ń bí pẹ̀lú àrùn náà ní Nàìjíríà lọ́dọọdún.

Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, níbi tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ti ń gbé láàárín ará ìlú. Níbẹ̀ ni Percy Nylander ti ka ìbí, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun kò ju bí 12 lọ. Òkìkí èyí kàn ká ayé, a sì ń ṣe ọdún ìbejì ní Igbó-Ọrà. Ìbejì ń rìn nínú ìdílé, fòníkú-fọ̀ladìde ń rìn nínú ìdílé. A ń fi ìlù pàdé èkínní, a ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ní tiwa, a rò pé bíbò tí a bò ó yìí pa ọmọ ju bí a ti rò lọ.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ báyìí, a kì í so tọkọtaya pọ̀ láìsí ìwé jẹ́nótáìpù. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Nígbà tí a ti gba ìdáná tí a sì ti ra aṣọ ẹbí, ta ni yóò gbọ́ pé AS ni àwọn méjèèjì? Àwọn mìíràn a tilẹ̀ wá ìwé irọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ọmọ ti mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ìfẹ́ tó dé.

Ní ti ìtọ́jú, Abayomi Sofowora àti ẹnìkejì rẹ̀ fi hàn ní 1971 pé omi gbòǹgbò igi àtà, tí a fi ń rin orín, kì í jẹ́ kí hóró ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ nínú ìgò. Láti inú ìgò dé inú ara ènìyàn jìnnà. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìjọba Britain fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá ṣe, Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá. Iye rẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan. Èyí tí ó súnmọ́ ọmọ Láǹlátẹ̀ ni oògùn ibà, fólíkì ásíìdì, omi mímu púpọ̀, aṣọ tí ó nípọn nígbà ọyẹ́, àti oògùn hydroxyurea tí ó ń lò lójoojúmọ́ lábẹ́ ojú dókítà, èyí tí àwọn ìwádìí ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde láti 2019, ti fi hàn pé ó ń dín ìrora àti ikú kù.