Margaret Booth: Ọwọ́ Tí Òǹwòran Kò Rí

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí fíìmù bá dùn, òṣèré ni a máa ń yìn. Bóyá a tún rántí olùdarí. Ṣùgbọ́n ta ni ó yan ohun tí a rí nínú gbogbo èyí tí kámẹ́rà yà? Ìtàn Margaret Booth, ará Hollywood ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò là wá lọ́yẹ.

Ìlú Los Angeles ni a bí i sí ní ọdún 1898. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Elmer, jẹ́ òṣèré lọ́dọ̀ olùdarí D. W. Griffith. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa Elmer ní ọdún 1915. Lẹ́yìn ikú yìí ni Margaret gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Griffith; ó ń lẹ fíìmù pọ̀. Obìnrin pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n kà á sí, bí ẹni ń ránṣọ. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn. Ńṣe ni Margaret máa ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí ó lè mọ ibi tí yóò gé.

Nígbà tí ó yá, ó di ọmọ iṣẹ́ olùdarí John M. Stahl. Bí Stahl bá ti lọ sílé, Margaret yóò ṣa àjákù fíìmù tí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, yóò sì máa fi kọ́ṣẹ́. Kò pẹ́ tí Stahl fi ń mú èyí tí ó tò wọ inú fíìmù tirẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Bí a bá fi ojú ẹni tó ń sunkún hàn, tí sàréè tẹ̀ lé e, ọ̀fọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó tuntun ni ó tẹ̀ lé e, ẹkún ayọ̀ ni. Omijé kan náà ni. Ìtò ni ó yí ìtumọ̀ padà.

Ní ọdún 1935, Margaret gé *Mutiny on the Bounty*. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù lọ. Wọ́n dárúkọ Margaret mọ́ àwọn tí ẹ̀bùn gígé fíìmù tọ́ sí, ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Láti 1939 títí di 1968, òun ni olórí gbogbo àwọn olóòtú fíìmù ní ilé-iṣẹ́ MGM. Ojú rẹ̀ ni fíìmù wọn ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹwòran, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1978, nígbà tí ó pé ẹni 80 ọdún, ni wọ́n tó fi Oscar ìyẹ́sí dá a lọ́lá. Ó kú ní ọdún 2002, ní ẹni ọdún 104.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí fíìmù bá parí, ẹ má tètè dìde. Ẹ ka orúkọ tó ń kọjá lójú amóhùnmáwòrán. Kí ẹ sì rántí pé ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.