"Meat" àti àwọn ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

"Meat" ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹran jíjẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn ni "food", "flesh", "game", àti orúkọ ẹran ọbẹ̀ bíi "beef", "pork" àti "mutton". Ní Yorùbá, ẹran ni èyí tó ń jẹko nínú pápá, ẹran náà sì ni èyí tó wà nínú ìkòkò. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: "animal" ni èyí tó wà láàyè, "meat" ni èyí tó ti di jíjẹ. Ìtàn ló fa ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ wọ̀nyí.

Ìpilẹ̀ "meat"

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "mete" ni ọ̀rọ̀ náà, ohunkóhun tí ènìyàn ń jẹ ni ó sì dúró fún. Títí dòní, "mat" ni àwọn ará Sweden ń pe oúnjẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1300 ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀ sí ẹran nìkan ní England, tí "food" sì gba ipò rẹ̀ àtijọ́. Ìtumọ̀ ìṣáájú ṣì fara hàn nínú "sweetmeat", ìyẹn ohun dídùn tí wọ́n fi ṣúgà ṣe.

Ó tún fara hàn nínú Bíbélì King James ti ọdún 1611. "Meat offering" inú Léfítíkù orí kejì kò ní ẹran kankan: ìyẹ̀fun, òróró àti tùràrí ni. Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther jẹ́ òléwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, pè é ní ẹbọ ohun jíjẹ, ó sì bá ìtumọ̀ àtijọ́ náà mu gẹ́lẹ́.

"Flesh"

"Flesh" gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ẹran jíjẹ, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pè é ní "Fleisch" títí di ìsinsìnyí. Lóde òní, ó di orúkọ ohun rírọ̀ tó wà láàárín awọ ara àti egungun, àti ti inú èso bíi máńgòrò. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó dúró fún ara ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí Bíbélì Yorùbá fi lo "ara" níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti lo "flesh" nínú Jòhánù 1:14. "Meat" kò lè wọ ibẹ̀ láé.

Orúkọ nínú agbo, orúkọ nínú àwo

Ní ọdún 1066, William ará Normandy ṣẹ́gun ní Hastings, ó sì jọba lórí England. Faransé ni òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ. Láti ìgbà náà ni orúkọ Faransé ti wọlé tọ ti Gẹ̀ẹ́sì:

- màlúù: "cow", ẹran rẹ̀ "beef"
- ọmọ màlúù: "calf", ẹran rẹ̀ "veal"
- ẹlẹ́dẹ̀: "pig", ẹran rẹ̀ "pork"
- àgùntàn: "sheep", ẹran rẹ̀ "mutton"
- àgbọ̀nrín: "deer", ẹran rẹ̀ "venison"

Walter Scott mú àlàyé yìí gbajúmọ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Ivanhoe, ní ọdún 1819: èdè ẹni tó ń da ẹran ló fún ẹran láàyè lórúkọ, èdè ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló sì fún ẹran inú àwo lórúkọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò fìdí múlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ṣì ń pe màlúù tó wà láàyè ní "beef". "Deer" pàápàá ti fìgbà kan jẹ́ orúkọ ẹranko gbogbo.

Adìẹ kò ní irú orúkọ méjì bẹ́ẹ̀: "chicken" ni láàyè, "chicken" náà ni nínú ọbẹ̀. Ewúrẹ́ di "goat meat", àmọ́ ní Íńdíà, ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè ní "mutton". Ẹran tí ọdẹ pa ni "game". Ẹja kì í sábà wọ inú "meat". Nínú ìjọ Àgùdà, ẹni tó yẹra fún ẹran ní ọjọ́ Ẹtì ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lè jẹ ẹja.

Lílò ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé "cow meat", nítorí pé ẹran màlúù ni a ń pè é nílé. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n "beef" ni ìwé àti ìdánwò ń fẹ́. Olùkọ́ tó bá ń tún un ṣe fún ọmọ, kó sọ ìtàn Normandy fún un pẹ̀lú. Ọmọ náà kò ronú òdì. Ìlànà èdè abínibí rẹ̀, tó já gaara, ló tẹ̀ lé, ogun àti èdè àwọn tó jọba ló sì fa ti Gẹ̀ẹ́sì.