Ìfarapa ọpọlọ: Kí ló ń fà á, kí sì ni ẹ̀tọ́ ẹni tó fara káásá lábẹ́ òfin?

Ẹni tí ọ̀kadà gbá lè dìde, kó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, kó ní kò sí ohun tó ṣe òun, síbẹ̀ kó dákú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Eegun agbárí le, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ rọ̀. Bí orí bá gbá ohun líle, tàbí tó mì jìgìjìgì lójijì, ọpọlọ lè lu eegun náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè já, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ṣàn sínú agbárí láìsí ọgbẹ́ kankan lóde.

Ìfarapa tó ń fara pamọ́ báyìí le fún dókítà, ó sì le fún agbẹjọ́rò pẹ̀lú. Àmì rẹ̀ lè pẹ́ kó tó yọjú, ṣùgbọ́n àkókò tí òfin fún ẹni tó farapa láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀.

Kí ló sábà máa ń fà á?

Ìjàǹbá ojú pópó ló ṣíwájú ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ lágbàáyé lọ́dọọdún, àti pé òun ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ.

Ọlọ́kadà, èrò tó gbé sẹ́yìn àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni kò ní ohun tó bò wọ́n. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, akoto sì ni ti ẹni tó gun ọ̀kadà. WHO ní bí ènìyàn bá dé akoto bó ṣe yẹ, ó lè dín ewu ìfarapa ọpọlọ kù tó ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣíṣubú náà wọ́pọ̀: ọmọdé tó já láti orí igi máńgòrò, adẹ́mu tó já láti orí ọ̀pẹ, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tó já bọ́ láti òkè, àgbàlagbà tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀.

Ìwà ipá ni òmíràn: ìjà ìgboro, lílù nínú ilé, ìbọn. Bí ènìyàn bá sì fi ìbínú mi ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì, ọpọlọ ọmọ náà lè farapa, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì le.

Àwọn àmì wo ló yẹ kí a ṣọ́?

Ẹ gbé ẹni tó fi orí gbá nǹkan lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ẹ bá rí:

• èébì léraléra, tàbí orí fífọ́ tó ń le sí i
• oorun tí kò ṣeé jí, tàbí gìrì
• omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti imú tàbí etí
• ọmọlójú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ
• ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, tàbí apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ

Kí a tó gbé e, ẹ jẹ́ kí orí àti ọrùn rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Ẹ má fún un ní omi tàbí oúnjẹ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà máa ń wo bó ṣe ń lajú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń mi ara, yóò sì fún un ní máàkì láti 3 sí 15. Ìlú Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti gbé ìlànà yìí jáde lọ́dún 1974. Máàkì 8 sí ìsàlẹ̀ túmọ̀ sí pé ìfarapa náà le gan-an. Ẹni tó gba 13 sí 15 náà ṣì lè máa gbàgbé nǹkan, kó máa bínú òdì, tàbí kó má rí oorun sùn fún oṣù púpọ̀.

Ǹjẹ́ ilé ìwòsàn lè kọ̀ ọ́ nítorí owó?

Rárá. Abala 20 nínú òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní olùtọ́jú kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san ẹgbẹ̀rún 100 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì.

Ọ̀nà wo ni òfin là sílẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, ó pọn dandan kí ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó ní ìnṣọ́ránsì tó ń san owó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá pa lára. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ̀rún 15 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni ní Nàìjíríà. Ẹni tó farapa tún lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni awakọ̀ náà ń ṣe, ó lè pe ọ̀gá náà pẹ̀lú.

Ní Benin àti Togo, òfin ìnṣọ́ránsì CIMA ní ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ sọ iye tó fẹ́ san fún ẹni tó farapa láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ ìjàǹbá. Bí ọkọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan bá gbá ènìyàn ní òmíràn, ètò Brown Card ti ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cotonou lọ́dún 1982, ló wà fún un.

Bí ó bá jẹ́ ibi iṣẹ́, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kó sì béèrè owó náà lọ́wọ́ àjọ NSITF láàárín ọdún 1.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lu ènìyàn ni, ọlọ́pàá ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó létí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 fún ilé ẹjọ́ láyè láti pàṣẹ pé kí ẹni tó jẹ̀bi san owó fún ẹni tó pa lára.

Ìgbà wo ni àyè ń dí?

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 3 ni ẹni tí àìbìkítà ẹlòmíràn pa lára ní láti pe ẹjọ́. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló fà á, òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo irú wọn fi oṣù 3 péré sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tètè kó ìwé jọ: nọ́mbà ọkọ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, àbọ̀ ọlọ́pàá tàbí FRSC, àbájáde àyẹ̀wò CT scan, àti gbogbo rìsíìtì ìtọ́jú. Máàkì tí dókítà kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè di ẹ̀rí pàtàkì.

Ewu tó wọ́pọ̀ ni kí ẹbí gba owó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, nígbà tí dókítà kò tíì mọ bí ọpọlọ náà ṣe rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣòro láti yí padà. Bí ẹni tó farapa kò bá lè dá ìpinnu ṣe mọ́, ẹbí rẹ̀ lè pe ẹjọ́ lórúkọ rẹ̀.

Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀ lè tọ Legal Aid Council lọ fún agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́. Òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ ka ẹjọ́ ìjàǹbá àti ti owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.