Àbùjá Lórí Pátákó Ìtẹ̀wé

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni à ń bá a pè é. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà mu, nítorí pé èrò ẹni tí ó ṣe é ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé.

Ní ọdún 1868 ni Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ táípù wọn ní Amẹ́ríkà. Ní 1874 ni ilé-iṣẹ́ Remington gbé e jáde fún títà. Láti ibẹ̀ ni ètò lẹ́tà tí a ń lò lónìí ti ṣẹ̀. Lẹ́tà títẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà wà fún, nítorí ohun tí a bá ti tẹ̀ sórí bébà ti parí.

Kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ kí a lè máa rìn kiri nínú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ. Ní 1976, ẹ̀rọ ADM-3A jáde láìní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀; orí lẹ́tà H, J, K àti L ni wọ́n ya ọfà sí: òsì, ìsàlẹ̀, òkè, ọ̀tún. Irú ẹ̀rọ yìí ni Bill Joy lò ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley nígbà tí ó ń ṣe ètò ìkọ̀wé vi. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń lò ó fi ń fi lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí rìn títí di òní. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Digital to ọfà mẹ́rin lọ́tọ̀ sórí pátákó LK201, ọ̀kan lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ètò yìí ni ó sì gbilẹ̀. Ní 1984, Apple gbé Macintosh jáde láìní ọfà rárá, kí ó lè di dandan fún ènìyàn láti lo máòsì. Ní 1986 ni wọ́n tó fi ọfà sí pátákó Macintosh Plus. Abájọ tí àbùjá kò fi dọ́gba: lórí Windows, Ctrl pẹ̀lú ọfà ni a fi ń fo odidi ọ̀rọ̀ kan, lórí ẹ̀rọ Apple, Option ni.

Níbo wá ni Yorùbá wà? Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, ó di nọ́ńbà méjì. Nítorí náà, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí a bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì ohùn nìkan ni yóò lọ, lẹ́tà yóò ṣẹ́ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wàhálà yìí bá sú yóò fi àmì sílẹ̀. Igbá, ìgbà àti igba yóò sì di ọ̀kan náà lójú ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la ẹlẹgbẹ́ mi, pátákó tí a tò fún Yorùbá ti wà lórí Windows. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ, kí a fi kọ́ ọmọ, kí a sì wí fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ohun tí a fẹ́. Àwa tí a ni èdè ni a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin igbá àti ìgbà.