Coupé-décalé: Àwọn ohun èlò àti ìró tí Abidjan fi ń jó

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, Côte d'Ivoire fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí Nàìjíríà ní pápá ìṣeré Ebimpé, ní Abidjan, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìdíje náà kò lè gbàgbé orin kan tó gba ìgboro kan: Coup du marteau, èyí tó túmọ̀ sí lílu òòlù. Bí ìlù rẹ̀ bá ti dún, àwọn èrò a di ẹ̀ṣẹ́, wọn a máa sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń kan ìṣó. Akọrin pọ̀ nínú orin náà, ṣùgbọ́n orúkọ tó ṣíwájú ni ti Tam Sir, ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ títo ìlù jọ lórí kọ̀ǹpútà.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú náà. Láti nǹkan bí ogún ọdún tí coupé-décalé ti gbòde, ẹ̀yìn ni àwọn tó ń ṣẹ̀dá ìró rẹ̀ sábà máa ń wà. Akọrin àti DJ ni aráyé ń mọ̀.

Ìlù ló ṣáájú, dùùrù ló tẹ̀lé e

Nínú orin trance ti ilẹ̀ Yúróòpù, dùùrù oníná ni ọba. Ìró rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ìlù a dákẹ́, àwọn oníjó a gbé ọwọ́ sókè, kí ìlù tó padà dé. Ẹ̀rọ JP-8000 tí ilé-iṣẹ́ Roland ti orílẹ̀-èdè Japan gbé jáde ní apá kejì àwọn ọdún 1990 wà lára ohun tó mú kí ìró yìí gbajúmọ̀. Bí a bá tẹ ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, yóò dún bí ẹni pé ohùn méje ló jùmọ̀ ké, tí wọn kò sì bá ara wọn mu tán. Àìbáramu díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó kún etí.

Ti Abidjan yàtọ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni dùùrù máa ń sọ níbẹ̀, tí yóò sì máa tún un sọ. Ohun tí etí ń wá ni ìlù ńlá tó ń lu àyà, àwọn ìlù àárín tó ń yí lu ara wọn, ìlù gbígbẹ tó ń já wọn, àti ìró bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí kì í dúró. Bí ijó tuntun bá jáde, ibi tí ìlù ti yí padà ni ẹsẹ̀ náà ti ń yí. Ẹni tó mọ bí ìyá ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí omele di ọ̀nà mú kò nílò ògbufọ̀ fún èyí.

Lọ́dọ̀ Roland kan náà ni díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìlù tó lókìkí jù lọ ti jáde: TR-808 ní ọdún 1980, TR-909 ní 1983. Àwọn méjèèjì kò tà tó bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fẹ́. Ìgbà tí wọ́n di àlòkù tí owó wọn kò pọ̀ mọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Chicago àti Detroit rà wọ́n, tí wọ́n sì fi dá orin house àti techno sílẹ̀. Ní 1997, ètò orí kọ̀ǹpútà kan jáde láti orílẹ̀-èdè Belgium, FruityLoops, tí a ń pè ní FL Studio lónìí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan ní Yopougon lè ṣe orin odidi láìní gìtá tàbí ìlù kan nílé.

Nígbà tí orin ń ti Èkó bọ̀

Ayé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1977, Èkó ni Ernesto Djédjé, ọ̀gá orin ziglibithy, ti gba ohùn àwo Ziboté sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Badmos ló sì gbé e jáde. Orúkọ yẹn kò ní ṣàjèjì sí òǹkàwé Yorùbá. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti sọ Abidjan di ilé kejì. Olórí, onígìtá, onífèrè, onílù àti elégbè ló máa ń wà nídìí irú àwo bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ni yóò sì gba owó iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà gé ìnáwó náà kúrú. Ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Orúkọ pípè pẹ̀lú jẹ́ ìró

Àwọn ilé ijó Paris ni coupé-décalé ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2002, lọ́wọ́ Stéphane Doukouré tí a mọ̀ sí Douk Saga, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Jet Set. Nínú nouchi, èdè ìgboro àwọn ọ̀dọ́ Abidjan, orúkọ náà tọ́ka sí kí a lu ènìyàn ní jìbìtì, kí a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní 19 oṣù Kẹsàn-án, 2002. Òfin kónílé-ó-gbélé wà níta nígbà tí orin yìí ń tàn ká Abidjan. Síbẹ̀, àwọn olówó ń fọ́n owó lé DJ lórí. Travaillement ni wọ́n ń pe àṣà náà, kò sì jìnnà sí owó tí Yorùbá ń lẹ̀ mọ́ iwájú onífújì.

Owó yẹn ló sọ ohùn DJ di ohun èlò. Atalaku ni wọ́n ń pe irú ìké bẹ́ẹ̀, Kinshasa ló sì ti wá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn atalaku ibẹ̀ ń ké lórí gìtá, wọ́n sì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi agolo oògùn apakòkòrò ṣe. Nínú àwọn maquis Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ọtí, DJ a máa pe orúkọ oníbàárà sórí ìlù. Bí orúkọ ṣe ń dún ni owó ń jáde. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe orin gbé orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n gé e, wọ́n tún un pè, títí ó fi di apá kan ìlù. Àwọn kan ń sọ pé orúkọ lásán ló kún inú coupé-décalé. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa fújì náà rí, bí ẹni pé orúkọ kò ní ohùn tirẹ̀.

Ta ló ni ìlù?

DJ Arafat, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Ange Didier Huon, ti inú àwọn maquis Yopougon wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń to ọ̀pọ̀ nínú ìlù rẹ̀. Ó mú kí wọ́n yára sí i, kí wọ́n sì le sí i, títí ìjàm̀bá alùpùpù fi pa á ní 12 oṣù Kẹjọ, 2019, ní ẹni ọdún 33. Serge Beynaud náà ti ń to orin fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó di akọrin. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí a mọ òun, kí ó gba gbohùngbohùn.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. BURIDA ni àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òǹṣẹ̀dá ní Côte d'Ivoire. Káàkiri àgbáyé, òfin ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá a máa rọrùn fún ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin tàbí tó dá ohùn orin sílẹ̀. Bí ìlù ṣe ń lọ nìkan ṣòro láti sọ pé tẹnìkan ni. Bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún alátòpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sí ìwé àdéhùn, orin náà lè máa pa owó fún ọdún mẹ́wàá láìkàn án mọ́, ẹlòmíràn sì lè fi irú ìlù kan náà ṣe orin tirẹ̀ lọ́la. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn, ní Abidjan bíi ti Èkó, ṣe ń fi ìró kékeré kan tó ń pe orúkọ wọn sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, kí ìlù tó wọlé.